Akoto Tó Di Ààlà Ilẹ̀

Bàdírù aránfìlà kò gbèrò rí láti pa ààlà sáàárín Ìlobù àti Ìfọ́n. Ohun tó gbèrò kéré sí ìyẹn púpọ̀: kí Sìkírátù ìyàwó rẹ̀ má ṣáà mọ̀ pé òun kì í dé akoto tí òun bá ń gun alùpùpù.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ fara balẹ̀ ká jọ máa tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀. Ẹ lè rẹ́rìn-ín sí ìtàn yìí, kò burú. Ṣùgbọ́n orí kan wà nínú rẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́, ilé kan sì wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tú. Ẹ máa rántí ìyẹn bí ẹ bá ń rẹ́rìn-ín lọ.

Ní nǹkan bí ọdún 1956 ni. Ìlobù ni Bàdírù ń gbé, ibẹ̀ ló ti ń rán fìlà, àmọ́ Ìfọ́n ni àwọn oníbàárà rẹ̀ pọ̀ sí. Ìlú méjèèjì kò jìnnà síra. Síbẹ̀, ẹrù fìlà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń rù káàkiri nínú eruku, ìdí nìyẹn tí Bàdírù fi ra alùpùpù lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè kan ní Òṣogbo tó ń padà sílùú rẹ̀.

Lọ́jọ́ tó ti alùpùpù náà dé ilé, Sìkírátù dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò yà fún un.

"Bàbá Mọ́ríátù," ó ní, "ẹ mọ Bùràímọ̀."

Ta ni kò mọ Bùràímọ̀? Ẹ̀gbọ́n Sìkírátù ni. Òun náà gun alùpùpù rí, títí tó fi ṣubú níbi afárá kan lọ́nà Òṣogbo tí orí rẹ̀ gbá òkúta. Ọgbẹ́ rẹ̀ jinná, ara rẹ̀ sì le koko. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ló ti ń jókòó síwájú ilé bàbá wọn láràárọ̀, tó ń kí àwọn tó ń lọ sóko pé, "Ẹ kú alẹ́ o, ó dàárọ̀." Bí Sìkírátù bá gbé ẹ̀kọ lọ fún un, á gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, á súre fún un, á wá bi í pé, "Ọmọ ta ni ọ́, jàre?"

"Mo mọ Bùràímọ̀," Bàdírù dáhùn.

"Ó dáa. Mi ò fẹ́ kí ó di ẹni méjì tó ń bi mí pé ọmọ ta ni mí."

Ó nawọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbé nǹkan jáde. Akoto ni, fìlà líle tí àwọn agun-alùpùpù ń dé: funfun báláú, ẹ̀yìn rẹ̀ le bí igi, inú rẹ̀ rọ̀ nítorí wọ́n fi kọ́ọ̀kì, èèpo igi tó fúyẹ́, àti aṣọ tẹ́ ẹ, okùn awọ sì wà tí wọ́n ń dì sábẹ́ àgbọ̀n. Sìkírátù fúnra rẹ̀ ló lọ wá a rà ní Òṣogbo. Ó ra bàtà búútù mọ́ ọn.

"Ẹ búra fún mi," ó ní.

Bàdírù fi Kùránì búra pé òun kò ní gun alùpùpù láìdé akoto.

"Lọ́jọ́ tí mo bá gbọ́ pé ẹ gùn ún láìdé e, màá gbé Mọ́ríátù, màá gbé àpótí mi, ó di ilé bàbá mi. Kí alùpùpù máa se ọbẹ̀ fún yín."

Bàdírù rẹ́rìn-ín. Sìkírátù kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ má rò pé èèyàn burúkú ni Bàdírù. Ó dé akoto náà tọkàntọkàn. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ rẹ̀ kò bá akoto rẹ́. Ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Aránfìlà kò ní pátákó tó ju orí ara rẹ̀ lọ. Bí Bàdírù bá rán fìlà tuntun tán, abetí-ajá ni o, gọ̀bì ni o, orí ara rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dé e sí, tí á gba àárín ìlú kọjá wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Àwọn èèyàn á ní, "Bàdírù, ta ló rán èyí?" Wọ́n sì mọ̀ dáadáa. Báyìí lọjà ṣe ń tà.

Akoto wá bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bó bá sì tú u kúrò lórí, fìlà abẹ́ rẹ̀ á ti rún bí ewé tí wọ́n fi pọ́n ẹ̀kọ.

Ọ̀rọ̀ náà bú jáde nílé Pa Adéjọbí ní Ìfọ́n. Alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni Pa Adéjọbí. Fìlà tó bá dé lọ sí ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi ni àwọn ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì yóò máa wá kiri títí ọ̀sẹ̀ á fi parí. Bàdírù dá alùpùpù dúró níwájú rẹ̀, ó fẹ́ ṣí akoto kó tó kí i, nítorí kò sí ọmọ tí wọ́n kọ́ tí í kí àgbà pẹ̀lú nǹkan lórí. Okùn há. Ó fà á, kò tú. Bàbá ń wò ó. Nígbà tí ojú wá ń tì í, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja tòun ti akoto.

Pa Adéjọbí bojú wolẹ̀ wò ó. "Ta ni mo ń bá sọ̀rọ̀?"

"Bàdírù ni, sà. Bàdírù aránfìlà."

"Irọ́ ni. Bàdírù mọ̀wàá hù. Bàdírù máa ń ṣí fìlà kó tó kí mi."

"Okùn rẹ̀ ló há, sà."

"Okùn há. Ṣé ìwọ lo dé e, àbí òun ló dé ọ?"

Obìnrin kan tó ń sá ẹ̀gẹ́ nítòsí dá sí i. "Bàbá, ẹ fi í sílẹ̀, ìkòkò ló ń rù lọ sọ́jà. Kò rí òṣùká ni."

Gbogbo agbo ilé rẹ́rìn-ín. Pa Adéjọbí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ọkùnrin tó ní òun ń ta fìlà," ó ní, "tó wá dé ìkòkò. Kí lo fẹ́ kí n rà lọ́wọ́ rẹ?"

Kò ra nǹkan kan lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí Bàdírù tún ń lọ sí Ìfọ́n, ó dé àárín méjì ọ̀nà, níbi tí ilẹ̀ tí ìlú méjèèjì ń du wà. Kò sí ilé níbẹ̀, kò sí oko, igbó àti pèrègún nìkan ló wà. Ó dúró. Ó wẹ̀yìn, ó wo iwájú. Ó tú okùn, ó bọ́ akoto, ó sì gbé e kọ́ sórí pèrègún kan. Ó bọ́ búútù náà, ó kì í bọ inú igbó, ó wọ sálúbàtà. Ó na fìlà rẹ̀, ó gbé e gẹ̀gẹ̀ sórí bí ọkọ ìyàwó, ó wọ Ìfọ́n.

Ọjà tà lọ́jọ́ yẹn. Pa Adéjọbí gan-an pè é padà. "Bàdírù," ó ní, "ibo lo wà láti ọjọ́ yìí?"

Nígbà tó ń bọ̀, ó wọ búútù rẹ̀, ó mú akoto, ó dé e, ó di okùn, ó wọ Ìlobù bí ọmọ gidi. Sìkírátù gba akoto náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọwọ́ pa á lórí.

"Ọlọ́run á máa lò ọ́ fún wa," Sìkírátù sọ fún akoto. Ẹran tó fi sínú ọbẹ̀ ọkọ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà tóbi. Bàdírù jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kò wọlẹ̀ dáadáa.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó di àṣà.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí ìlú ńlá lè máa rò pé igi lásán ni pèrègún. Ẹ jẹ́ kó yé yín, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Níbi tí oko ẹnì kan bá parí sí, tí ti ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn baba wa ń gbin pèrègún sí. Bí ẹ bá rí i nínú oko, ẹ mọ̀ pé ààlà ni. Nínú ilẹ̀ tí à ń sọ yìí, pèrègún ìhín wà, pèrègún ọ̀hún wà. Ìlobù ní èyí tó súnmọ́ Ìfọ́n ni ojúlówó, Ìfọ́n náà ní èyí tó súnmọ́ Ìlobù ni. Kálukú ní èkejì kàn hù fúnra rẹ̀ ni.

Bàdírù kò ro èyí. Bí èèyàn bá wà nítòsí pèrègún ìhín, á gbé akoto kọ́ sí tọ̀hún. Bí ọ̀hún bá léèyàn, á gbé e kọ́ síhìn-ín.

Bẹ́ẹ̀, gbogbo èèyàn ló sì ti ń gbọ́ ọ pé ìjọba máa rán àwọn awọnlẹ̀ wá.

Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ni Bàdírù jókòó sí nígbà tí Bàbá Jàlálù, ọ̀kan nínú àwọn àgbà Ìlobù, wọlé tọ̀ ọ́ wá. Bàdírù bọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀.

"Dìde, dìde. Ìwọ tí o máa ń gba ọ̀nà yẹn. Ṣé o ti rí i?"

"Kí ni, bàbá?"

"Àmì ìjọba. Wọ́n ti wọn ilẹ̀ náà. Wọ́n ti dé igbá funfun kan sórí pèrègún tó wà létí Ìfọ́n. Gbogbo ilẹ̀ yẹn ti di tiwa."

Abẹ́rẹ́ gún Bàdírù lọ́wọ́. "Bàbá, ṣé ó dá yín lójú pé ìjọba ni?"

"Nǹkan funfun. Líle. Ó ń dán. Ta tún ni yóò ṣe é? Mo kàn án báyìí, ó dún kò."

"Àbí ẹnì kan ló gbàgbé nǹkan rẹ̀ síbẹ̀?"

Bàbá Jàlálù wò ó bí ẹni wo ọmọdé. "Ta ni yóò gbàgbé nǹkan sórí pèrègún, Bàdírù? Kí lorúkọ nǹkan náà?"

Bàdírù la ẹnu. Sìkírátù wà lẹ́yìn ilé, ó ń fọ aṣọ, ó sì ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ. Bàdírù pa ẹnu rẹ̀ dé.

Ẹ dúró níbí yìí díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ì bá parí gbogbo rẹ̀: "Tèmi ni." Kò tíì sí ẹni tó gbin nǹkan kan, kò tíì sí ẹni tó fara pa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni ì bá kó Sìkírátù lọ sílé bàbá rẹ̀. Bàdírù rò ó pé ìlú á ṣe tìlú, kí ilé òun ṣáà dúró.

Àwọn ará Ìlobù gbé ẹ̀gẹ́ wọ ilẹ̀ náà. Ká tó wí ká tó fọ̀, Bàdírù tún kọ́ akoto sórí pèrègún kejì, ni Ìfọ́n bá yọ̀.

"Ìjọba ti tún un wọ̀n," Pa Adéjọbí ṣàlàyé fún un bó ṣe ń wọn fìlà wò. "Ti àkọ́kọ́ yẹn, àṣìṣe ni. Òyìnbó kì í tijú láti ṣàtúnṣe, ìyẹn ló dára nípa wọn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ìwọ tí o jẹ́ ará Ìlobù, ó dùn ọ́?"

"Kò dùn mí, sà."

"Ọmọ dáadáa ni ọ́."

Àwọn ará Ìfọ́n gbin iṣu sáàárín ẹ̀gẹ́ náà.

Bẹ́ẹ̀ ni ààlà ń rìn. Bó bá sún síhìn-ín, ìdajì ayé á yọ̀. Bó bá sún sọ́hùn-ún, ìdajì kejì á jó. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ìjọba kò lóye. Àwọn mìíràn ní rárá, orí ẹ̀rọ ni nǹkan náà ń ṣiṣẹ́ sí, ó ń wá ibi tí òtítọ́ wà.

Lọ́jọ́ kan, Bàdírù ń ti Ìfọ́n bọ̀ láti wá mú akoto rẹ̀. Ó bá àwọn ọ̀dọ́ Ìlobù lórí ẹní lápá kan, àwọn ọ̀dọ́ Ìfọ́n lórí ẹní lápá kejì. Wọ́n ti fi ọ̀pá ṣe ọgbà yí pèrègún ká. Akoto jókòó sókè láàárín wọn bí ọba.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," Bàdírù ní.

"Ẹ kú ìrìn, ẹ̀gbọ́n."

"Ṣé ẹ lè jẹ́ kí n dé ìdí rẹ̀?"

"Láti ṣe kí ni?"

"Kí n kàn wò ó."

"Ẹ wò ó láti ibi tí ẹ wà yẹn. Àwọn àgbà ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí ìlú méjèèjì á fi pàdé nídìí rẹ̀ ní Sátidé."

Bàdírù dúró, ó ń wo akoto tirẹ̀ bí ọkùnrin tó rí aya rẹ̀ níyàrá ẹlòmíràn.  Oòrùn sì ti ń wọ̀, Sìkírátù á ti máa retí.

Ó yí padà sí Ìfọ́n, ó ra igbá.

Ẹ má fojú kékeré wo igbá náà o. Aránfìlà ni Bàdírù. Ó fi ọ̀bẹ gé etí rẹ̀, ó fi àrán tó ṣẹ́kù tẹ́ inú rẹ̀, ó lu ihò, ó fi awọ bàtà so okùn sí i, ó wá fi ẹfun kùn ún títí tó fi funfun. Bí ẹ bá rí i lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ ò ní mọ ìyàtọ̀.

Ìyàtọ̀ wà, síbẹ̀, ẹ sì lè fojú ara yín rí i. Ẹ mú ẹyin kan, ẹ fi sínú agolo, ẹ pa á dé, ẹ mì í. Agolo kò ní ṣe nǹkan kan, ẹyin á fọ́. Ẹ mú òmíràn, ẹ fi òwú dí gbogbo àyè tó yí i ká kí ẹ tó mì í. Ẹyin á gbé e. Orí wa nìyẹn. Akoto gidi le lẹ́yìn kí òkúta má wọlé, ó sì nípọn nínú kí ó lè gba agbára ìṣubú náà lọ́wọ́ orí. Igbá Bàdírù kò le tó òkúta, àrán rẹ̀ kò sì nípọn tó nǹkan kan. Ó jọ akoto ni, kì í ṣe akoto.

Sìkírátù gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe máa ń gbà á.

"Ó fúyẹ́," ó ní.

"Oòrùn ló gbẹ ẹ́."

Sìkírátù wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Nǹkan funfun wà lọ́wọ́ mi."

"Eruku ọ̀nà ni."

"Eruku ọ̀nà yìí pupa, Bàbá Mọ́ríátù."

"Ti apá Ìfọ́n funfun."

Sìkírátù nu ọwọ́ rẹ̀ nù. Ó gbé igbá náà kọ́ sí àyè akoto, ó wọlé lọ bu oúnjẹ. 

Ní àárọ̀ Sátidé, Ìlobù ṣófo. Gbogbo wọn ti lọ wo ààlà ìjọba, Sìkírátù sì bá àwọn obìnrin àdúgbò lọ. Bàdírù ì bá jókòó sílé, àmọ́ Pa Adéjọbí ti gbé iṣẹ́ fún un: fìlà àrán tó fẹ́ dé síbi ìpàdé náà. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, ì bá ní ó di ọ̀la. Bàdírù dé igbá rẹ̀, ó fẹsẹ̀ ta alùpùpù.

Ó rò pé òun á rọra yọ kọjá.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ láti orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó rí i pé èrò ti dí ọ̀nà. Bàbá Jàlálù dúró níwájú lápá òsì, Pa Adéjọbí lápá ọ̀tún, orí rẹ̀ ṣófo, ó ń dúró de fìlà. Ojú bàbá àti ojú Bàdírù ṣe mẹ́rin.

Ohun tó wá sí Bàdírù lọ́kàn kì í ṣe bíréèkì. Ohun tó wá sí i lọ́kàn ni pé ohun kan wà lórí òun, àgbà sì ń wo òun. Ó fi ọwọ́ kan sílẹ̀, ó na án sí okùn abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ kó lè ṣí fìlà.

Táyà iwájú wọ yanrìn.

Àwọn tó wà níbẹ̀ ní alùpùpù náà rọra dùbúlẹ̀ bí màlúù. Bàdírù kò rọra. Ó fò, orí rẹ̀ gbá ilẹ̀, igbá fọ́ yángá, ó sì fi ìgbọ̀nwọ́ àti orúnkún fá ilẹ̀ títí dé ìdí pèrègún. Sálúbàtà rẹ̀ kan bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Sìkírátù sáré já èrò. Ó kúnlẹ̀, ó gbé orí ọkọ rẹ̀ sórí ẹsẹ̀.

"Bàbá Mọ́ríátù. Ẹ wò mí. Ta ni mí?"

Bàdírù lajú.

"Ẹ wò mí dáadáa. Ọmọ ta ni mí?"

Ẹnu Bàdírù ń ṣiṣẹ́, ohùn kò jáde.  Bàbá Jàlálù ti ń ka àdúrà lábẹ́nu.

"Sìkírátù," Bàdírù wí níkẹyìn. "Ọmọ Àlàbí. Ìyá Mọ́ríátù."

Sìkírátù mí kanlẹ̀. Ó fi etí ìborí rẹ̀ nu ẹ̀jẹ̀ etí ọkọ rẹ̀. Ìgbà náà ló wá ṣa èyí tó tóbi jù nínú àfọ́kù tó wà nílẹ̀, ó yí i wò, ó fi èékánná ha á. Ẹfun já bọ́.

"Igbá," ó ní. "Igbá ni. Akoto yín dà?"

Bàdírù gbé ìka sókè, ó sì nà án sí orí pèrègún.

"Kí ló ń nawọ́ sí?" Bàbá Jàlálù béèrè.

"Ààlà ló ń nawọ́ sí," Pa Adéjọbí dáhùn. "Orí ti dàrú. Ẹ tètè gbé e lọ sí ọsibítù."

"Kò dàrú, sà," Bàdírù ní. "Èmi ni mo ni ín."

"Ìwọ lo ni ààlà?"

Ariwo ta. Wọ́n ní ó ti gba owó. Àwọn Ìlobù ní Ìfọ́n ló fún un, àwọn Ìfọ́n ní Ìlobù ló fún un. Bàbá Jàlálù gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè títí ariwo fi rọlẹ̀.

"Kò le rárá," ó ní. "Bó bá jẹ́ tirẹ̀, yóò wọ̀ ọ́ lórí."

Wọ́n ní kí ọ̀dọ́ Ìlobù kan di apá kan mú, kí ọ̀dọ́ Ìfọ́n kan di apá kejì. Wọ́n jọ gbé akoto sọ̀ kalẹ̀ tìṣọ́ratìṣọ́ra, wọ́n gbé e bọ̀ lórí Bàdírù.

Kò wọ̀ ọ́. Orí ti wú. Kókó kan ti yọ lápá ọ̀tún bí ẹyin pẹ́pẹ́yẹ, akoto sì jókòó sórí kókó náà, ó ń mì jọ̀kọ̀jọ̀kọ̀.

Ìlobù àti Ìfọ́n jọ pariwo ayọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ní kì í ṣe tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó rántí ìgbà tí ìlú méjèèjì ti fohùn ṣọ̀kan bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

"O ti gbọ́," Pa Adéjọbí sọ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Kì í ṣe tìrẹ, ọmọ mi. Sinmi."

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún Bàdírù nígbà náà. Ìlú méjì ti dá a láre. Bó bá ní, "Ẹ ṣeun, mo ṣì í wò," kò sẹ́ni tó máa bi í ní nǹkan kan mọ́. Á lè ní olè ló jí akoto òun. Ó bojú wo Sìkírátù.

Sìkírátù ń wo akoto náà. Òun ló rà á, ó sì mọ̀ ọ́n.  Ó ń dúró de ohun tí ọkọ rẹ̀ máa sọ.

"Tèmi ni," Bàdírù wí, ohùn rẹ̀ lọ sókè. "Mo búra fún ìyàwó mi pé màá máa dé e, mo sì ń wá gbé e kọ́ síbí kí ẹ lè rí fìlà orí mi. Èmi ni mo ń sún un síwá sẹ́yìn. Kò sí ìjọba kankan níbẹ̀."



"Nítorí fìlà," Pa Adéjọbí ní.

"Nítorí ohun tí ẹ sọ, sà. Ẹ ní ìkòkò ni mo dé."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ sọ ọ́, sà."

Pa Adéjọbí fọwọ́ pa orí rẹ̀ tó ṣófo. Bàbá Jàlálù yíjú sí i.

"A ti gbin ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ yẹn o," Bàbá Jàlálù ní.

"Àwa náà ti gbin iṣu."

"Àárín ẹ̀gẹ́ wa."

"Ẹ̀gẹ́ yín ló wà láàárín iṣu wa."

Níbẹ̀ ni wọ́n wà nígbà tí Sìkírátù dìde. Ó gba akoto lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́, kò sẹ́ni tó bá a jà. Ó dé e sórí ìborí rẹ̀, ó di okùn. Ó ní kí wọ́n gbé alùpùpù dìde, ó sì jókòó gẹ̀gẹ́ sẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ máa tì í," ó sọ fún ọkọ rẹ̀.

"Ká lọ síbo?"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ di orí yín ní ọsibítù. Lẹ́yìn náà, ilé bàbá mi."

Bàdírù fi ẹsẹ̀ kan bàtà, ẹsẹ̀ kan òfìfo, ó ti ìyàwó rẹ̀ la àárín ìlú méjì kọjá. Sìkírátù jókòó ṣinṣin, akoto ń dán nínú oòrùn. Kò kí ẹnikẹ́ni.

Ó sì ṣe ohun tó sọ. Òun àti Mọ́ríátù wà nílé bàbá rẹ̀.

Láràárọ̀, Bàdírù á ti alùpùpù rẹ̀ dé iwájú ilé náà. Kò gùn ún. Á dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ìyàwó rẹ̀, á wá jókòó sórí àpótí tí wọ́n gbé síta fún un. Sìkírátù á gbé akoto jáde, á gbé e lé e lórí, á tẹ̀ ẹ́, á yẹ̀ ẹ́ wò láti ẹ̀gbẹ́.

"Kò tíì wọ̀," á ní, á sì gbé e wọlé padà.

Bàdírù á wá ti ẹrù fìlà rẹ̀ lọ sí Ìfọ́n lórí alùpùpù tí kò dún. Àwọn èèyàn á ní, "Bàdírù, ṣé epo ló tán ni?" Á ní, "Orí mi ló wú." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì ra fìlà.

Lọ́jọ́ kan, bí Sìkírátù ṣe ń gbé akoto kúrò lórí rẹ̀, Bàdírù ní, "Ó máa ń gbóná."

"Kí ló máa ń gbóná?"

"Akoto náà. Òógùn máa ń wọ mí lójú. Okùn rẹ̀ sì ń há."

Sìkírátù dúró. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"O ti lọ wá a rà. Mi ò fẹ́ kí o rò pé mi ò mọ oore."

Sìkírátù gbé akoto wọlé. Nígbà tí akoto náà tún jáde, awọ tuntun tí wọ́n ti fi òróró rọ̀ ló wà nídìí okùn rẹ̀, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì wà nínú rẹ̀ tó ń mu òógùn.

"Kò tíì wọ̀," ó ní.

Kókó orí ti lọ nígbà náà. Ìgbọ̀nwọ́ ti jinná, orúnkún ti jinná. Gbogbo àdúgbò rí i pé orí Bàdírù ti padà sí bó ṣe wà. Bàdírù gan-an ń gbọ́ bí akoto ṣe ń bọ́ sí àyè rẹ̀ láràárọ̀, tó ń gbá etí rẹ̀ mú déédéé. Kò jiyàn. Bó bá ti gbọ́ "Kò tíì wọ̀," á dọ̀bálẹ̀ fún àna rẹ̀, á di alùpùpù mú, á máa tì í lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, òjò ti rọ̀ mọ́jú, ilẹ̀ tutù. Bàdírù jókòó sórí àpótí bó ti máa ń ṣe. Sìkírátù jáde pẹ̀lú akoto lábẹ́ apá, ọwọ́ Mọ́ríátù wà ní ọwọ́ kejì, àpótí aṣọ rẹ̀ sì wà lórí. Ó sọ àpótí náà kalẹ̀. Ó gbé akoto bọ ọkọ rẹ̀ lórí, ó tẹ̀ ẹ́, ó yẹ̀ ẹ́ wò láti apá ọ̀tún, ó yẹ̀ ẹ́ wò láti apá òsì. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó di okùn náà sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀.

"Ó wọ̀," ó ní.